Bí a ṣe ń ṣe àbẹ̀wò sí Clarksdale, ìlú orin blues ní Mississippi

Clarksdale jẹ́ ìlú kékeré kan ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Mississippi, ní orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ọlọ́ràá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Delta. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò pé 15,000 nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2020, aláwọ̀ dúdú ni ó sì pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán lè rò pé kò sí ohun kan níbẹ̀ ju àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa, odò Sunflower tí ń ṣàn jẹ́jẹ́ àti oko tí ó tẹ́ lọ títí tí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀. Síbẹ̀, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí orin blues, orin ayọ̀ àti ìrora àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ti gbilẹ̀: ìlú yìí ni wọ́n bí àwọn olórin Sam Cooke àti Ike Turner sí ní ọdún 1931, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Muddy Waters, onígìtá blues, ti dàgbà, inú rẹ̀ ni akọrin Bessie Smith sì kú sí. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo ní fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ni pé kí ó má ṣe fi ìdajì ọjọ́ wo Clarksdale. Kí ó sun ibẹ̀, ó kéré tán fún òru méjì, nítorí pé alẹ́ ni orin ń dún, ọ̀sán ni a sì fi ń mọ ohun tí orin náà ń sọ.

Ìgbà tí ó yẹ kí a lọ

Ọjọ́ tí ẹ bá mú ṣe pàtàkì ju oṣù lọ. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́ Àìkú ni ó dára jù, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn ilé orin máa ń kún, tí àwọn olórin tí ń gbé ní àwọn ìlú tó yí ibẹ̀ ká máa ń wá ṣeré. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí ní Ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́ Ajé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà pẹ̀lú kì í sì í ṣí ní Ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti rí ọjọ́ méjì gbáko tí gbogbo nǹkan wà ní ṣíṣí.

Àjọ̀dún méjì ni ìlú náà fi lókìkí jùlọ. Juke Joint Festival máa ń wáyé ní oṣù Kẹrin, láti ọdún 2004 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Sunflower River Blues and Gospel Festival, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1988, máa ń wáyé ní oṣù Kẹjọ. Tí ẹ bá fẹ́ lọ fún èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gba yàrá ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, torí pé ìlú náà kò ní ibùsùn tó èrò tí ń rọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ní Delta mú ooru tí ń mú ènìyàn làágùn bí ẹni tí ó wẹ̀, ó sì ní ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà ìrúwé jẹ́ ìgbà ìjì líle tí ó lè ṣí òrùlé. Kí fóònù yín wà ní títàn kí ẹ lè gbọ́ ìkìlọ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjọ̀dún. Kí ó lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lásán nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀, tí òwú ti là, tí oko sì funfun láti ẹ̀bá títì dé ẹsẹ̀ igbó. Ọ̀rọ̀ òwú ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú yìí, ó sì dára kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Bí a ṣe ń dé ibẹ̀ àti ibi tí a ó sùn sí

Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ni pápákọ̀ òfurufú ńlá tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jùlọ. Ẹ yá ọkọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì gba títì márosẹ̀ 61 sí ìhà gúúsù fún nǹkan bíi 120 kìlómítà. Wákàtí kan àbọ̀ ti tó fún un. Ẹ má ṣe rò pé ẹ lè yọ ti ọkọ̀ yíyá sílẹ̀. Ní Clarksdale, àwọn ọkọ̀ tí a ń fi fóònù pè kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé bí a ti ń gbẹ́kẹ̀ lé wọn ní Houston tàbí Atlanta, pàápàá nígbà tí ilé orin bá túká lóru.

Ọ̀nà mìíràn wà fún àwọn tí ń gbé ní Chicago, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ọkọ̀ òfurufú lọ. Ọkọ̀ ojú irin Amtrak tí wọ́n ń pè ní City of New Orleans máa ń gbéra ní Chicago ní alẹ́, á sì dé Delta ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti ọdún 2018 ni ó ti ń dúró ní Marks, ìlú kan tí ó tó nǹkan bíi 30 kìlómítà sí Clarksdale. Ìrìn àjò yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn aláwọ̀ dúdú rìn ní òdìkejì ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí wọ́n di ẹrù wọn ní Delta, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì lọ wá iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá Chicago. Muddy Waters wà lára wọn ní ọdún 1943. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bá onílé tí ẹ ó sùn sí sọ̀rọ̀ kí ó wá ẹni tí yóò gbé yín ní Marks, nítorí pé ẹ kò ní bá takisí tí ó ń dúró de èrò níbẹ̀.

Ẹni tí yóò bá ti Nàìjíríà tàbí Benin wá ní láti kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ físà. Òfin rẹ̀ ń yí padà léraléra, nítorí náà ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni kí ó ti wádìí, kí ó má ṣe gbọ́ ti àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn pé àwọn mọ ẹni kan nínú ọ́fíìsì.

Ní ti ibùsùn, àwọn yàrá kan wà lórí àwọn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ní àárín ìlú, láti ibẹ̀ ni ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí púpọ̀ nínú àwọn ilé orin. Ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Shack Up Inn, ní oko Hopson lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti tún àwọn ilé pákó tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ń gbé láyé àtijọ́ ṣe fún àlejò. Nígbà náà, olóko ni ó ni ilẹ̀, òun ni ó ni ìbaaka àti irúgbìn. Òun ni ó ń ta oúnjẹ àwìn fún àgbẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tí ọdún bá sì parí, òun nìkan náà ni ó ń ṣe ìṣirò. Àgbẹ̀ tí ó kórè òwú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè gbọ́ pé òun ṣì jẹ gbèsè. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan sọ pé àwọn kò lè sanwó láti sùn nínú ilé tí wọ́n ti jẹ àwọn bàbá àwọn níyà. Àwọn mìíràn sùn níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. N kò ní kí ẹ má lọ, mo kàn ní kí ẹ mọ ibi tí ẹ ń fi orí lé.

Kódà bí ẹ kò bá sùn ní Hopson, ẹ yà síbẹ̀ ní ọ̀sán. Ní ọdún 1944, oko náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ nìkan ṣe gbogbo iṣẹ́ òwú, láti orí gbígbìn títí dé orí dídì. Pinetop Perkins, atẹdùùrù ńlá nì, ti wa katakata níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń ká òwú tí ó tó iṣẹ́ àìmọye ọwọ́, olóko kò sì nílò àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Èyí wà lára ìdí tí ìlú náà fi tú, tí orin rẹ̀ sì fi tàn ká ayé.

Ohun tí a ó fi ọ̀sán ṣe

Delta Blues Museum ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì fún un ní wákàtí méjì. Ilé ìkàwé ìlú ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1979, kí ó tó kó lọ sí ilé ẹrù relùwéè tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1918, níbi tí ó ti wà láti ọdún 1999. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbé ilé pákó tí Muddy Waters gbé ní oko Stovall wá. Ẹ dúró pẹ́ níwájú ilé yìí. Ní ọdún 1941, Alan Lomax, tí ń gba orin ìbílẹ̀ sílẹ̀ káàkiri, àti John Work, olùkọ́ ní Yunifásítì Fisk, gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ náà ní Stovall, wọ́n sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington. Ìgbà tí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú àwo ni ó gbà pé òun náà lè dúró láàrin àwọn olórin. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó fi oko sílẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí tún ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní gìtá, ìlù àti orin kíkọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ni Christone Ingram tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kingfish, ẹni tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Grammy ní ọdún 2022.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo àlejò á fẹ́ rí oríta. Níbi tí títì 61 àtijọ́ àti títì 49 ti pàdé, wọ́n gbé àwòrán gìtá aláwọ̀ búlúù sí orí òpó gíga kan, ìtàn sì sọ pé ibẹ̀ ni Robert Johnson, onígìtá blues kan, ti bá èṣù pàdé lóru, tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọgbọ́n gìtá. Ẹ ya fọ́tò yín kí ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Wọ́n ti yí ojú ọ̀nà padà láti ayé Robert Johnson, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938, àwọn ìlú mìíràn ní Delta sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ tàwọn ni oríta náà wà; kódà Tommy Johnson, olórin blues mìíràn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ìtàn náà mọ́. Mo mọ̀ pé Yorùbá tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò rántí Èṣù onílé oríta, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti fi ìyẹn kọ ìwé. Ó yẹ kí a rọra sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí apá ibẹ̀ ti Kongo, Senegambia àti ibòmíràn wá, Yorùbá kò sì pọ̀ láàrin wọn bí ó ti pọ̀ ní Kúbà àti Brazil. Àwọn ará Kongo náà ní ìmọ̀ oríta tiwọn. Bákan náà, Èṣù tí àwọn bàbá wa mọ̀ kì í ra ẹ̀mí ènìyàn. Sátánì inú Bíbélì ni ó wà nínú ìtàn Mississippi.

Ibi tí ó gba sùúrù jù ni Òtẹ́ẹ̀lì Riverside, ní òpópónà Sunflower. Ilé ìwòsàn G. T. Thomas ni tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1937, Bessie Smith, ọbabìnrin orin blues, kú síbẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ lórí títì 61. Ẹ óò gbọ́ pé ilé ìwòsàn àwọn aláwọ̀ funfun kọ́kọ́ lé e padà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí: ilé ìwòsàn àwọn dúdú ni wọ́n gbé e lọ tààrà, torí pé ní Mississippi ìgbà náà kò sí awakọ̀ tí yóò dán an wò láti gbé aláwọ̀ dúdú lọ sí ibòmíràn, èyí kò sì dín ìkà ọ̀rọ̀ náà kù. Ní ọdún 1944 ni ilé náà di òtẹ́ẹ̀lì fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí òfin kò gbà láyè láti sùn sí ibòmíràn. Ike Turner gbé ibẹ̀, Sonny Boy Williamson, olórin blues tí ń fọn hàmóníkà, náà gbé ibẹ̀. Ìjì ba ilé náà jẹ́ gidigidi ní ọdún 2020, wọ́n sì tì í. Nítorí náà, ìta ni kí ẹ ti wò ó àyàfi tí wọ́n bá sọ fún yín pé ó ti ṣí padà, kí ẹ ka pátákó ìtàn tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ má sì ṣe wọ àgbàlá láìgba àyè.

Nígbà náà ni kí ẹ wá sọdá ojú irin lọ sí agbègbè òpópónà Issaquena, níbi tí púpọ̀ àlejò kì í dé. Láyé tí òfin ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ibẹ̀ ni ọjà, ilé sinimá àti ilé ọtí àwọn dúdú wà. W. C. Handy, olórin tí wọ́n ń pè ní bàbá orin blues, gbé níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Aaron Henry, apoògùn tí ó jẹ́ aṣáájú NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Mississippi, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ nítòsí ibẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n sì ti ń pète ìjà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò. Bí ẹ bá ra oúnjẹ tàbí ohun mímu ní ìhà yìí, owó yín yóò dé ọwọ́ ọmọ àwọn tí ó dá orin náà sílẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sinmi, ẹ yà sí Cat Head ní òpópónà Delta. Ṣọ́ọ̀bù àwo orin àti iṣẹ́ ọnà ni, láti ọdún 2002, àmọ́ ohun tí ó fi wúlò jù ni pé wọ́n máa ń kó orúkọ gbogbo olórin tí yóò ṣeré ní ìlú jọ, pẹ̀lú ibi àti aago. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Alẹ́

Ilé orin méjì ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ. Ground Zero, tí ó ṣí ní ọdún 2001, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òṣèré Morgan Freeman wà lára àwọn tí ó ni ín, ó tóbi, ó ní oúnjẹ, ó sì rọrùn fún ẹni tí ojú ń tì. Red's Lounge kéré, iná rẹ̀ pupa, òrùlé rẹ̀ kò ga, olórin sì súnmọ́ ènìyàn débi pé ẹsẹ̀ yín lè kan okùn gìtá rẹ̀ nílẹ̀. Red Paden tí ó dá a sílẹ̀ kú ní òpin ọdún 2023. Bí alẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní, Red's ni kí ẹ lọ. Irú ilé báyìí ni wọ́n ń pè ní juke joint: ilé ọtí àti ijó tí àwọn àgbẹ̀ dá sílẹ̀ fún ara wọn ní alẹ́ Sátidé, níbi tí olóko kò ti lè pàṣẹ.

Ẹ mú owó tí a lè kà lọ́wọ́, kí ẹ mú dọ́là kéékèèké pọ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹnu ọ̀nà ni ó ń gba káàdì. Ẹ mú páálí ìdánimọ̀; ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò lè mu ọtí. Garawa tàbí ike kan yóò wà níwájú olórin, ibẹ̀ ni owó rẹ̀ wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá yín lófo. Mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń yún wa bí orin bá dùn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Wọn kò mọ ìyẹn níbẹ̀, ó sì lè dà bí ìwọ̀sí. Inú garawa ni kí ẹ ná an sí. Ẹ lè jó, ẹ lè dáhùn sí orin lókè ohùn, nítorí pé olórin ń retí rẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ lórí fóònù níwájú rẹ̀. Tí ó bá sinmi, ẹ lè lọ kí i. Ìkíni kò ní nira fún wa rárá: ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ènìyàn máa ń kí àjèjì lójú títì, àgbàlagbà ni wọ́n ń pe ní Mista tàbí Mis pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó bá pe bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ní orúkọ lásán sì ti ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ gbé ọkọ̀ yín sí abẹ́ iná, kí ẹ má fi báàgì sílẹ̀ níbi tí ojú ń rí i. Ẹni tí ó bá mu ọtí kò gbọdọ̀ wakọ̀ padà.

Oúnjẹ ibẹ̀ yóò bá yín lára mu. Ẹ jẹ tamale, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ẹran olóòórùn ata sí láàrin, tí wọ́n fi háhá àgbàdo dì, tí wọ́n sì sè bí a ti ń se mọ́ín-mọ́ín eléwé. Abe's, nítòsí oríta, ti ń ta ẹran yíyan láti ọdún 1924, ọmọ ilẹ̀ Lebanon kan ni ó dá a sílẹ̀. Ilá àti ẹ̀wà wà káàkiri. Kí àwọn Mùsùlùmí ṣọ́ra, nítorí pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀ ní Delta, wọ́n sì máa ń fi se ẹ̀fọ́ pàápàá láìsọ. Ẹ bèèrè ní gbogbo ibi tí ẹ bá jókòó sí.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i

Ní Tutwiler, nǹkan bíi 25 kìlómítà sí gúúsù, ni Handy ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní nǹkan bíi ọdún 1903, tí ó gbọ́ ọkùnrin kan tí ó ń fi ọ̀bẹ yí ohùn okùn gìtá padà. Sàréè Sonny Boy Williamson wà ní ẹ̀yìn ìlú náà, àwọn àlejò a sì máa fi hàmóníkà sílẹ̀ fún un. Láti ibẹ̀, ẹ lè lọ sí Dockery, oko òwú tí Charley Patton ti kọrin, kí ẹ sì fi Indianola parí rẹ̀, níbi tí olórin blues B. B. King sinmi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀. Àwọn pátákó ìtàn orin blues tí ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kalẹ̀ ní ọdún 2006 ti ju 200 lọ, ẹ óò sì máa rí wọn lọ́nà.

Bí ìdajì ọjọ́ ni ẹ ní, Helena ni kí ẹ lọ, ní òdìkejì odò Mississippi, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, nǹkan bíi 50 kìlómítà. Ẹ lọ ní Ọjọ́ Ẹtì, kì í ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí pé àárín ọ̀sẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rédíò KFFA máa ń ṣe King Biscuit Time, ètò orin blues tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1941, tí Sonny Boy jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórin rẹ̀ àkọ́kọ́. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 15 ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ń jẹun ọ̀sán ni wọ́n fi í sí, wọn kò sì tíì yí i padà. Ẹ kúrò ní Clarksdale kí aago mọ́kànlá tó lù, kí ẹ yí rédíò ọkọ̀ yín sí 1360 ní orí AM, kí ẹ sì rọra sọdá afárá náà, torí pé ó tóóró, ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá sì ń gba orí rẹ̀.